Ọ̀sà Kan, Omi Méjì: Kí Ló Dé Tí Ewé Ń Kú ní Ìkòròdú, Tó Ń Yè ní Ẹ̀pẹ́?

Ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ f'olóko. Ẹ̀fọ́ yìí gan-an ni ìtàn àwọn àgbà so mọ́ orúkọ Ìkòròdú: oko ọ̀dú ni wọ́n ní ibẹ̀ jẹ́ nígbà tí àwọn ará Rẹ́mọ wá tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ̀pẹ́ náà ò kéré nínú ìtàn. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló fi ṣe ibùgbé. Títí dòní, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀sà ló so ìlú méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín: ọ̀sà yẹn ti Èkó lọ sí ìlà-oòrùn, ó gba iwájú Ìkòròdú, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó sì lọ pàdé ọ̀sà Lẹ́kì. Àmọ́ omi ẹ̀ ò rí bákan náà níbi gbogbo.

Ibo ni iyọ̀ ń gbà wọlé?

Ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Apápá náà ni òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35. Nígbà òjò, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun á kún, wọ́n á ti omi iyọ̀ padà sẹ́yìn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á fà, òkun á tún wọlé dé apá Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu òkun, nítorí náà omi ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ jálẹ̀ ọdún.

Àlejò láti Amazon

Ibí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ewé tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ti ilẹ̀ Amazon wá. Ní 1984 ni wọ́n rí i ní omi Bàdágìrì, láti apá Bẹ̀nẹ̀. Tí ara bá tù ú, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣírò ẹ̀: ewé kan á di 32 ní ọ̀sẹ̀ 10!

Kò fara da iyọ̀ ṣá. Ìyẹn ló fà á tó fi ń kú ní apá Èkó àti Ìkòròdú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń rí ibi sá sí ní apá Ẹ̀pẹ́. Òjò tó ń bọ̀ á tún gbé e padà wá.

Ó ń lọ́ mọ́ àwọ̀n apẹja, ó ń di ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ gba omi fún iṣẹ́ ìwádìí mi dúró lẹ́ẹ̀mejì kí awakọ̀ tó yọ ewé kúrò. Tó bá bo ojú omi, oòrùn ò ní wọlé, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí á dín kù. Ìyẹn kan ẹni tó ń ta ọ̀bọ̀kún lọ́jà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ó sì kan ẹni tó ń rà á.

Kí la lè ṣe?

Ní Adágún Victoria, wọ́n tú kòkòrò Neochetina sílẹ̀ láti máa jẹ ewé náà, ó sì dín kù gan-an. Àwọn kan ń fi í hun apẹ̀rẹ̀, àwọn míì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ tí òjò ń gbá wọ odò ni oúnjẹ ẹ̀. Odò Ògùn gba Abẹ́òkúta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tí a ò bá dín oúnjẹ kù, àlejò ò ní lọ.