Ọsàn àti Àtọ̀gbẹ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀

Ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí a dórí ọ̀rọ̀ owó ìrànlọ́wọ́ àìsàn, ìyá wa kan tí wọ́n ń ta aṣọ sọ fún wa pé àwọn ti pa oògùn àtọ̀gbẹ àwọn tì láti bí oṣù méjì. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé ọsàn gírépù ń fọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n bá ń fún un mu láràárọ̀. Egbò ẹsẹ̀ wọn kò sì jinná. Ohun tó mú wa kọ èyí nìyẹn.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá ni wọ́n gbọ́. Èròjà kan wà nínú ọsàn mímu tí à ń pè ní hesperidin, òmíràn sì wà nínú gírépù, naringin, òun gan-an ló ń mú un korò. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Kòríà fi méjèèjì bọ́ àwọn eku tó ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀ wọn dín ṣúgà tó ń ṣe kù. Ṣùgbọ́n eku ni eku, ènìyàn ni ènìyàn. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn, àbájáde rẹ̀ kò bára mu: ó ràn níbì kan díẹ̀, kò ṣe nǹkan kan níbòmíràn. Kò sí èyí tó fi hàn pé ó lè rọ́pò oògùn.

Ẹ tún wo bí a ti ń mu ọsàn lọ́jà. Ọlọ́sàn á fi ọ̀bẹ bó èèpo òde, á fi awọ funfun sílẹ̀, á gé orí rẹ̀. Àwa á fa omi rẹ̀ mu, a ó ju èyí tó kù sí ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ inú awọ funfun yẹn ni hesperidin pọ̀ sí jù! (Ewúrẹ́ ibùdókọ̀ wa ń jẹ̀gbádùn.) Omi tí a fà mu ló kó ṣúgà dání. Ọsàn kan tí kò tóbi jù ní ṣúgà bíi gíráàmù 12. Ẹni tó bá fa márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá a ṣírò rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde láti Harvard, ní Amẹ́ríkà, ní 2013 sọ pé àwọn tó ń mu omi èso lemọ́lemọ́ ni àtọ̀gbẹ ń mú jù.

Ti gírépù tún ní ewu tirẹ̀. Ní 1991, àwọn dókítà ní Kánádà kọ ọ́ síwèé pé ó ń ti ọ̀nà tí ara fi ń fọ́ àwọn oògùn kan, bíi felodipine ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ lo ẹyọ kan, á wá dà bí ẹni pé ẹ lo méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Simvastatin náà wà lára wọn. Àwọn alátọ̀gbẹ púpọ̀ ló sì ń lo irú oògùn wọ̀nyí, nítorí náà ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó fẹnu kàn án.

Ìyá wa ti padà sí ọsibítù, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí owó wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn wọn padà. Wọ́n ṣì ń jẹ ọsàn mímu, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, tòun ti awọ funfun rẹ̀. Wọ́n ní kí a sọ fún yín pé kò dùn.