Bí Ankárá Ṣe Wọ Inú Àwòrán Òyìnbó

Bí ẹ bá wọ pálọ̀ àwọn àgbà ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ó rí fọ́tò bàbá lára ògiri: ó jókòó sórí àga, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, ó kọjú sí wa tààrà, agbádá rẹ̀ bo àga. Bàbá ò ṣèèṣì jókòó bẹ́ẹ̀. Ìjókòó yẹn ń sọ irú ènìyàn tó jẹ́. Àwọn ayàwòrán Yúróòpù náà mọ èyí tipẹ́ kí kámẹ́rà tó dáyé. Bí ọlọ́lá bá ní kí wọ́n fi ọ̀dà ya òun, ayàwòrán á kọ́kọ́ ro ẹni tí yóò wà láàárín, ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí, àti ẹni tí yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbé àwo. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn dúdú bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń gbé àwo.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan lóde òní máa ń mú irú àwòrán àtijọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ènìyàn gidi, aṣọ gidi àti àga gidi tún un tò, wọ́n á sì fi kámẹ́rà yà á. Wọn kì í yí gbogbo rẹ̀ padà. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá mú ohùn orin òyìnbó tí gbogbo ìjọ mọ̀, tí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i: ohùn tí a ti mọ̀ ló ń jẹ́ ká tètè gbọ́ ibi tó ti yàtọ̀.

Ẹ ó bi mí pé ta ló ń ṣe irú rẹ̀ nínú àwa Yorùbá. Yinka Shonibare ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1962, Èkó ló sì dàgbà sí. Ní 1998, ó ṣe fọ́tò márùn-ún nípa ọjọ́ kan nínú ayé ọ̀gbẹ́ni afínjú kan láyé Ọbabìnrin Victoria. Ó gbé e ka orí àwòrán mẹ́jọ tí William Hogarth yà ní àwọn ọdún 1730, nípa ọmọ olówó tó ná ogún bàbá rẹ̀ tán tó sì bá ara rẹ̀ ní ilé wèrè. Shonibare fúnra rẹ̀ ló ṣe afínjú náà. Ẹ wo èyí tó jẹ́ ti aago mọ́kànlá òwúrọ̀: ọ̀gá ṣì wà lórí ibùsùn, àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ òyìnbó, dúró yí i ká, wọ́n ń dá a lóhùn. Wọ́n lẹ iṣẹ́ yìí mọ́ ògiri ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ti máa kọjú sí i.

Kí ló dé tí fọ́tò náà fi ń múni dúró? Yàrá náà kò ní àléébù, aṣọ bá ìgbà mu, ìmọ́lẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ló yí ipò padà. Bí ó bá yà wá lẹ́nu, ohun tí àwọn àwòrán àtijọ́ ti fi kọ́ ojú wa nìyẹn, láìjẹ́ pé a mọ̀ pé a ń kẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni agbára iṣẹ́ yìí wà.

Nínú fọ́tò kan tí Shonibare ṣe ní 2011, ankárá wọ ọ̀rọ̀ náà. Henry Wallis ti ya akéwì ọ̀dọ́ kan, Chatterton, ní 1856: ó kú sórí ibùsùn kékeré lábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀, ìwé yíya fọ́n ká ilẹ̀. Shonibare fi ibùsùn àti ọwọ́ tó rọ̀ sílẹ̀ yẹn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, àmọ́ ọ̀gágun ojú omi Nelson ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ankárá sì ni wọ́n fi rán ẹ̀wù ogun rẹ̀. Nelson ló ṣẹ́gun ní Trafalgar ní 1805, ìṣẹ́gun tó jẹ́ kí òkun wà níkàáwọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìjọba amúnisìn wọn fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ankárá? Ankárá tí à ń fi ṣe aṣọ ẹbí yìí, àwọn ará Indonéṣíà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ìda ṣe irú ọnà rẹ̀. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀, àwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì rà á títí ó fi di tiwa. Ẹ̀wù Nelson ti gbé ìrìn àjò òwò àti ìjọba yẹn sára.

Omar Victor Diop, ọmọ Senegal, gba ọ̀nà míì. Ní 2014, ó fi ara rẹ̀ rọ́pò àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti ya dáadáa ní Yúróòpù láyé àtijọ́, irú bíi Jean-Baptiste Belley, aṣòfin tí Girodet yà ní 1797. Ó wá fi nǹkan bọ́ọ̀lù kún un, nítorí Yúróòpù ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún agbábọ́ọ̀lù dúdú lónìí, tí wọ́n sì ń ta á nù lọ́la.

Ṣé fóònù yín lè ṣe é? Ó lè ṣe é. Ní March 2020, nígbà ìsémọ́lé kòrónà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Getty ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ènìyàn fi nǹkan mẹ́ta péré nínú ilé tún àwòrán kan ṣe, ọ̀pọ̀ sì ṣe é. Ẹ mú àwòrán kan, ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, kí ẹ jókòó síbi tí fèrèsé yín wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ ka ọwọ́: èwo ló wà lókè, èwo ló sinmi? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yan ohun kan tí ẹ máa yí padà.