Nítorí ewu iná: Fíùsì inú dráyà kì í ṣe ohun tí à ń fi wáyà lásán rọ́pò

Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí lónìí kó má bá dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun, tàbí irin oníná tí wọ́n fi ń na irun. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀ṣọ́ wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, tí kì í jẹ́ kí ooru wọn kọjá ààlà.

Láyé ìgbà tó jẹ́ pé orí iná ni àwọn ìyá wa ti ń mú kóòmù onírin gbóná, ìwé tàbí aṣọ funfun ni wọ́n fi ń dán an wò. Bó bá jó o, wọn yóò dúró kó tutù díẹ̀. Nínú irin òde òní, ohun tíńtín kan tó ń jẹ́ tẹ́mísítọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iná mànàmáná ń rọrùn láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ inú irin náà ń kà, tí yóò fi já iná bí ooru bá dé ibi tí a fẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí 100°C ni omi ń hó, bẹ́ẹ̀ irin mìíràn lè gbóná dé 230°C.

Ní ti dráyà, afẹ́fẹ́ ló ń gbé ooru kúrò lára wáyà tó ń gbóná. Bí eruku àti irun bá dí ẹ̀yìn rẹ̀, ooru yóò há sínú. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló sábà máa ń dúró de èyí. Àkọ́kọ́ ni irin pẹlẹbẹ oríṣìí méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá gbóná, ọ̀kan yóò gùn ju èkejì lọ, wọn yóò tẹ̀, iná yóò sì já. Bí wọ́n bá tutù, iná yóò padà. Ìdí nìyí tí dráyà mìíràn fi ń kú, tí yóò sì tún dìde fúnra rẹ̀. Ìkejì ni fíùsì ooru. Èyí kì í padà. Bó bá ti já, ó já nìyẹn. Ó kú kí ilé má baà jó.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí àwọn atúnnáṣe kan bá bá fíùsì tó ti já, wáyà lásán ni wọn yóò fi so etí méjèèjì pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní díréètì. Dráyà yóò ṣiṣẹ́, oníbàárà yóò dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ìkẹyìn ti lọ. Ọjọ́ tí irin pẹlẹbẹ yẹn bá kọ̀ tí kò tẹ̀ mọ́, ike ara dráyà lè yọ́, kó sì gbiná lọ́wọ́ onídìrí.

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa, ẹ bèèrè lọ́wọ́ atúnnáṣe yín ohun tó fi sí i. Fíùsì tuntun tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni kó fi rọ́pò rẹ̀, kó sì wá ohun tó já ti àkọ́kọ́. Ẹ máa gbọn eruku ẹ̀yìn dráyà dànù. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fa pílọ́ọ̀gì yọ, kí iná má baà dé nígbà tí ẹ ti sùn.