Igun Ẹnu Ọ̀bẹ: Ọ̀rọ̀ àti Ìlò Ìpọ́nbẹ Aṣọ́-igun

Bí alápatà bá mú ọ̀bẹ méjì, tí ó ń fi ọ̀kan nu èkejì, Yorùbá a ní ó ń pọ́n ọ̀bẹ. Bí apọ́nbẹ tí ń kiri òpópónà Ire-Akari ní Ìsọlọ̀ bá gbé ọ̀bẹ lé òkúta tí ń yí, orúkọ kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀. Alápatà ń tún ẹnu tí ó ti wọ́ tò. Apọ́nbẹ ń họ irin kúrò. Ó yẹ kí èdè ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yà wọ́n sọ́tọ̀: ‘títún ẹnu tò’ fún ti alápatà, ‘pípọ́n’ fún ti apọ́nbẹ.

Irinṣẹ́ kan wà tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì yá fi lè pọ́n ọ̀bẹ dáadáa. Ìdìmú rẹ̀ a há ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Òkúta a wà lára ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá náà a sì gba inú ihò kọjá, kí òkúta má baà gbé sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Lára irú èyí tí Lansky ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ihò wà fún 17, 20, 25 àti 30 dígírì. ‘Adigunmú’ ni orúkọ tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n adigunjalè ni etí yóò gbọ́. ‘Ìpọ́nbẹ aṣọ́-igun’ sàn jù ú lọ. Kí a má ṣe yọ àmì ìsopọ̀ rẹ̀, kí igun má baà di ogun.

Ibi tí ewu wà fún olùtumọ̀ ni iye dígírì náà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni 20 ń tọ́ka sí. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá pàdé, 40 ni. Bí ìwé bá kọ ‘igun ọ̀bẹ, 20 dígírì’ lásán, òǹkàwé lè pín in sí 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnu bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́lẹ́ jù, yóò sì kán wẹ́wẹ́ bí ó bá kan eegun. Nítorí náà, ‘igun ẹ̀gbẹ́’ ni kí a pe 20, ‘igun ẹnu’ ni kí a pe 40. Nínú àwọn ọ̀bẹ Japan kan tí a ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, iye kan náà ni àwọn méjèèjì.

Igun ẹ̀gbẹ́ 15 sí 20 tó fún ọ̀bẹ ìdáná. Àdá àti ọ̀bẹ ìgé-eegun ń fẹ́ 25 sí 30. Olùkọ́ tí kò ní irinṣẹ́ yìí lè fi rúlà ṣe é. Bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí a gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kúrò lórí òkúta ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 fún dígírì 15, 1.4 fún 20, àti 2 gééré fún 30. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni èyí pẹ̀lú.

Òkúta tí ó rí hárahàra ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà òkúta bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń kúnná sí i. Kí a má pààrọ̀ rẹ̀ títí ìka yóò fi mọ ‘irun irin’ lára ní ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣóńṣó. Irun yìí ni ẹ̀rí pé òkúta ti dé ẹnu gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa kánjú níbẹ̀, ọ̀bẹ a sì máa dán láìmú. Ọ̀bẹ tí kò mú ń fẹ́ agbára, agbára náà ni ó sì ń mú un yọ̀ lu ìka.

Òkúta tí ń fi iná mànàmáná yí yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀bẹ bá gbóná títí ó fi pa àwọ̀ aró dà, líle irin náà ti dínkù níbẹ̀, kò sì sí títún-tò tí yóò dá a padà.