Bàbá àgbà yín bá ogun Hitler lọ? Ẹ wá orúkọ ìlú rẹ̀ nínú ìwé!

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní bàbá àgbà kan tó lọ jà ní Bọ́mà, èyí tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, tí kò padà wálé mọ́. Bí 90,000 sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló jà níbẹ̀ láàárín ọdún 1943 sí 1945. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù.

Àjọ tó ń tọ́jú sàréè sójà Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ti to orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn tó kú jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn tí kò ní sàréè, orúkọ wọn wà lára òpó òkúta ní Taukkyan, nítòsí ìlú Yangon.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o! Akọ̀wé ológun a máa fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá. Lawani ará Ìbàdàn lè di “Lawani Ibadan”. Ẹni tó bá wá orúkọ ìdílé nìkan, àfàìmọ̀ kó má mú òfo bọ̀.

Ẹni tó padà wálé ńkọ́? Ẹ tú àpótí ìyá àgbà wò. Nọ́ńbà sójà wà lára ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Bí wọ́n tiẹ̀ ṣi orúkọ kọ, nọ́ńbà yẹn lè júwe rẹ̀.

Ẹ tètè wá a, kí ikán tó jẹ ẹ́.