Bí A Ti Í Fẹ Ẹnu Ọ̀nà Yàrá Kòkó Tí Ó Wà Lábẹ́ Ilé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ń ra irè oko, àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí àwa fúnra wa a máa la ògiri lẹ́nu nítorí iṣẹ́ wa. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìlú Kumasi, ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, jọ Ìbàdàn ní ti ilẹ̀: òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Bí a bá kọ́ ilé sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilé a wọ inú òkè, iwájú rẹ̀ a kọjú sí ìsàlẹ̀, yàrá kan a sì wà lábẹ́ ilé. Ẹni tí ń ra kòkó a máa fẹ́ kó ẹrù sí i. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà irú yàrá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń há. Àpò kòkó kan ní Gánà wúwo tó kìlógíráàmù 64. Alábàárù tí ó gbé e sórí ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lè wọlé, àpò a sì máa ha ògiri títí yóò fi ya. Afẹ́fẹ́ pàápàá kì í rí àyè kọjá. Kòkó tí omi inú rẹ̀ bá sì ju 7.5 nínú 100 lọ, kò pẹ́ tí yóò fi bu. Nítorí èyí ni onílé fi ń pe bíríkìlà pé kí ó wá fẹ ẹnu ọ̀nà.

Kí bíríkìlà tó gbé òòlù, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: kí ni yóò gbé ògiri tí ó wà lókè ihò náà dúró?

Búlọ́ọ̀kù tí a tò dáradára a máa ran ara wọn lọ́wọ́. Apá ògiri tí ó jókòó lé àtẹ́rígbà dà bí òkìtì, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Bí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, òkìtì náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀. Bí ẹ bá sọ ẹnu ọ̀nà di ẹsẹ̀ bàtà 6, òkìtì yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ìlọ́po méjì ni ẹ fẹ ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́rin ni ẹrù òkìtì náà. Bí àjà òkè bá tún sinmi lé ògiri yẹn nítòsí, ẹrù rẹ̀ a kún un. Ẹ má ṣe gbà pé àtẹ́rígbà àtijọ́ yóò lè rù ú.

Ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, "Mo gé e, kò sì sí ohun tí ó ṣe." Ní ọjọ́ 29 oṣù June ọdún 1995, ilé ìtajà Sampoong wó ní ìlú Seoul ní Kòríà Gúúsù, ènìyàn 502 sì kú. Lára ohun tí àwọn olùwádìí rí ni pé a ti gé lára àwọn òpó kan láti fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn. Ọdún bíi 5 ni àwọn ènìyàn fi ń rà tí wọ́n sì ń tà nínú rẹ̀ kí ó tó wó.

Ẹ jẹ́ kí a to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe gé ògiri tí ilẹ̀ òkè tì lẹ́yìn, nítorí ilẹ̀ a máa tì í lọ́sàn-án lóru, ó sì ń tì í jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Ògiri tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ ni kí ẹ yàn, kí ihò náà sì jìnnà sí igun ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán.

Èkejì, kí a ti igi líle tàbí irin gba inú ògiri kọjá, lókè ibi tí àtẹ́rígbà tuntun yóò wà, kí òpó sì gbé orí rẹ̀ méjèèjì ró, nínú àti lóde. Kí àlàfo àárín wọn má ṣe ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kí ẹsẹ̀ òpó sì dúró lórí pákó fífẹ̀.

Ẹ̀kẹta, àtẹ́rígbà ni kí a kọ́kọ́ fi sí ipò, kí a tó gé ìsàlẹ̀. Kí ó jẹ́ kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀: sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Kí ó wọ inú ògiri tó ínṣì 9 lọ́tùn-ún àti lósì. Bí búlọ́ọ̀kù bá ní ihò nínú, ẹ fi kọnkéré dí èyí tí àtẹ́rígbà yóò jókòó lé. Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7. Ọjọ́ 28 ni kọnkéré fi ń ní agbára tí a ṣírò fún un, nítorí náà ẹ má ṣe kánjú yọ òpó. Kí a ki àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì mọ́ àárín àtẹ́rígbà àti ògiri òkè pinpin, kí a tó wá gé ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní Kumasi, òjò a máa rọ̀ gidigidi títí di oṣù July, a tún padà ní September àti October. Oṣù August, tí òjò bá dáwọ́ díẹ̀ tí kòkó kò sì pọ̀ nínú yàrá, ni ó dára jù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnjiníà wo ògiri náà. Owó tí ẹ ó san fún un kò tó iye kòkó tí ó wà nínú yàrá, kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí àwọn tí ń sùn lókè rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gbé ìloro sókè díẹ̀ kí àgbàrá má bàa wọlé, kí ẹ sì to àpò sórí pákó, kí ó má kan ògiri. Ẹ máa wo igun ẹnu ọ̀nà náà. Bí ẹ bá rí i tí ògiri là bí àtẹ̀gùn láti igun lọ sókè, tàbí tí ilẹ̀kùn ń há, ẹ kó àwọn ènìyàn jáde ná. Ti kòkó lè dúró dìgbà tí ẹnjiníà bá dé.