Ọdún Ìjọ Àgùdà àti Ìdàgbàsókè Ọkàn

Àgbẹ̀ kì í fi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gbin àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ìgbà òjò sun igbó. Iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ìgbà ni ó ń ṣe, ìgbà ni ó sì ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí ó kàn. Orí irú ọgbọ́n yìí ni Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjọ Àgùdà, gbé ọdún tirẹ̀ kà. Ìjọ náà kò retí pé kí ènìyàn gbé gbogbo ohun tí ìgbàgbọ́ ní mì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó pín ìtàn ìgbàlà sí ìgbà-ìgbà, ó sì ń fa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti ìgbà kan dé òmíràn, bí ọmọ ṣe ń rá kí ó tó dìde, tí ó sì ń dìde kí ó tó rìn.

Ìbéèrè kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní làákàyè kì í pẹ́ béèrè. Bí ọdún bá jẹ́ àyípo, tí Kérésìmesì èṣí kò yàtọ̀ sí ti ọdún yìí, níbo ni ìdàgbàsókè wà níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn ni, tí ń yí ojú kan náà po títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń mú Ìwé Mímọ́ sọ̀rọ̀: wọ́n ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bá àwọn ará Galátíà wí pé wọ́n ń kíyèsí ọjọ́, oṣù àti ọdún. Òótọ́ ni pé ó bá wọn wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rò pé ọjọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń gba ènìyàn là ni Pọ́ọ̀lù ń bá jà. Ìjọ kò sọ pé ọjọ́ lè gbani. Ohun tí ó sọ ni pé Ẹni tí ó ń gbani ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọjọ́, ó sì yẹ kí a rántí. Ní ti àyípo, igi ọsàn kan náà ni ó ń rúwé lọ́dọọdún, síbẹ̀ igi ọdún kẹwàá kì í ṣe igi ọdún kìn-ín-ní. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ sí i. Igi mìíràn sì wà tí ó ń rúwé lọ́dọọdún tí kò so rárá. Ewu èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí olùkọ́ ń jókòó tì.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní kọ́ ni ọdún Ìjọ ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá súnmọ́ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá jù lọ ni, èyí tí ó lè bọ́ sí ọjọ́kọ́jọ́ láàárín ọjọ́ 27 oṣù náà sí ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Ìgbà Àdífẹ́ǹtì ni èyí, ìgbà ìretí. Àlùfáà a wọ aṣọ aláwọ̀ elésè àlùkò, a kì í kọ orin Ògo nínú Mísà, ohùn wòlíì Àìsáyà àti ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni ó sì ń dún nínú ìwé kíkà. Ìgbà náà ní ọ̀nà méjì. Títí di ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, ìpadàbọ̀ Olúwa ní ìkẹyìn ayé ni Ìjọ ń fiyè sí. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 24, ó yíjú sí ìbí rẹ̀ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Nínú gbogbo ìgbà tí ó wà nínú ọdún, èyí ni àwọn ènìyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn jù. Ilé-ìwé yóò ti fẹ́ gba ìsinmi, nítorí náà wọn a ṣe àpèjẹ Kérésìmesì ṣáájú Kérésìmesì. A ti jó, a ti yó, kí ọmọ náà tó bí. Nígbà tí ọjọ́ 25 bá dé, orin ti sú etí. Ẹ̀kọ́ tí Àdífẹ́ǹtì fẹ́ kọ́ni ni sùúrù, kí ọkàn mọ bí a ti ń ṣe aláìní, kí ó tó mọ bí a ti ń gbà. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń retí nǹkan, kí ni yóò fi ayọ̀ gbà nígbà tí nǹkan náà bá dé?

Ìgbà Kérésìmesì kò gùn; ó parí ní ọdún Ìrìbọmi Olúwa nínú oṣù Kìn-ín-ní, lẹ́yìn Ẹ̀pífánì tí àwọn amòye láti ìlà-oòrùn wá kí Ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ìjọ a máa fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣe ọdún ńlá bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ kẹjọ Kérésìmesì sì ni ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun. Lúùkù Mímọ́ ròyìn pé ọjọ́ kẹjọ ni a kọ Jésù nílà tí a sì sọ ọ́ lórúkọ. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún ilé tí ó ti kó ọmọ jáde ní ọjọ́ kẹjọ rí.

Lẹ́ńtì ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Kí ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí ó mọ ọ̀nà tí a ń gbà mú ọjọ́ Àjíǹde. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó péjọ ní Nicaea ní ọdún 325 fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná pé kí gbogbo Ìjọ máa ṣe Àjíǹde ní Ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Ìṣirò náà nìyí: Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú tí ó bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí tí ó kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjíǹde kì í fi í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, tí kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Láti ibẹ̀ ni a ti ń kà padà sẹ́yìn dé Ọjọ́rú Eléérú. Bí a bá yọ Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà kúrò láàárín Ọjọ́rú náà àti Àbámẹ́ta Mímọ́, ogójì ọjọ́ géérégé ni yóò kù, iye ọjọ́ tí Olúwa fi gbààwẹ̀ nínú aginjù.

Imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi yọ̀ ní èṣí ni a ń sun láti rí eérú tí a ń fi sí iwájú orí lọ́dún yìí. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Imọ̀ tí ènìyàn jù sókè tí ó fi ń kí Ọba káàbọ̀ ti gbẹ, bí ìlérí tí ó ṣe lọ́jọ́ náà náà ti gbẹ. Ìjọ kó o, ó sun ún, ó sì fi í sí i lórí pé erùpẹ̀ ni í ṣe. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọdún kò kan òun nígbà tí ọdún ti gba orí rẹ̀ kọjá báyìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn tí ń múra ìrìbọmi ni Lẹ́ńtì wà fún jù. Wọn a fi ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí kẹ́kọ̀ọ́, wọn a gbààwẹ̀, a ó sì rì wọ́n bọmi ní òru Àjíǹde. Àwọn onígbàgbọ́ àtijọ́ wá ń bá wọn gbààwẹ̀ kí wọ́n má baà dá nìkan rìn. Ìlànà ìrìbọmi àwọn àgbàlagbà tí Ìjọ gbé jáde ní ọdún 1972 dá àṣà yìí padà. Nítorí náà, ẹni tí a rì bọmi nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́ ń fi Lẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan padà lọ sí ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé.

Ohun mẹ́ta ni ìgbà náà dúró lé bí àdògán: àdúrà, ààwẹ̀ àti ìtọrẹ àánú. Òfin ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Póòpù Paul Kẹfà tún un ṣe ní ọdún 1966, ìwé òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀: Ọjọ́rú Eléérú àti Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ ni ọjọ́ ààwẹ̀ tí ó jẹ́ dandan, láti ọmọ ọdún 18 títí di ìgbà tí ènìyàn bá pé ọmọ ọdún 59, láti ọmọ ọdún 14 ni yíyẹra fún ẹran sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àdògán kì í dá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹun ọ̀sán, tí ó wá jẹ ti ọ̀sán mọ́ ti alẹ́, àkókò oúnjẹ rẹ̀ ni ó sún síwájú, kò gba ààwẹ̀ kankan. Owó oúnjẹ tí a kò jẹ, ti ẹni tí kò ní ni. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Lẹ́ńtì ti ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì rẹ̀, kí ó má wo ẹnu àwọn ọmọ; kí ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò ní ìwé láàárín wọn.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni ó dé gbogbo rẹ̀ ládé. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrin, obìnrin kan tí ń jẹ́ Egeria rin ìrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó rí i bí àwọn ènìyàn, tọmọdé tàgbà, ṣe ń mú imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀ka igi ólífì lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ólífì wọ ìlú pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ó rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ko igi àgbélébùú ní Ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn díákónì sì dúró tì í, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ ni pé ẹnì kan ti fi eyín gé lára igi náà rí, ó sì jí i gbé lọ. Ìtàn yìí ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń wá ohun tí wọn yóò mú lọ sílé nínú ìsìn ju bí ìsìn yóò ṣe yí wọn padà lọ.

Olúwa kú ní Ọjọ́ Ẹtì, ó jíǹde ní Ọjọ́ Ìsinmi, Ìjọ sì ń wí pé ní ọjọ́ kẹta ni. Ẹni tí ó bá fi ọ̀nà ìṣirò òyìnbó kà á lè jiyàn pé ọjọ́ méjì ni. Yorùbá kò níí jiyàn. Ọjà tí a ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ tí a ná an ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Júù ìgbà náà ṣe ń ka ọjọ́.

Òru Àjíǹde ni ìyá gbogbo ìsìn inú ọdún. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é, tí wọ́n ń tan àbẹ́là lójú oòrùn. Póòpù Pius Kejìlá ni ó kọ́kọ́ yọ̀ǹda ní ọdún 1951 kí a dá a padà sí òru, ó sì tún ìlànà gbogbo Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ṣe ní ọdún 1955. Láti ìgbà náà ni àmì ti bá ohun tí ó ń sọ mu: inú òkùnkùn ni a ti ń dá iná, àbẹ́là kan ṣoṣo a wọlé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì tàn kálẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orin Ògo a padà, Alelúyà tí a ti pamọ́ láti Ọjọ́rú Eléérú a tún dún.

Ìgbà Àjíǹde jẹ́ àádọ́ta ọjọ́, ó gùn ju Lẹ́ńtì lọ. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ kò mọ èyí. Wọ́n rò pé ó tán ní Ọjọ́ Ajé tí ìjọba fún wọn ní ìsinmi. Ogójì ọjọ́ dé Ìgòkè-re-ọ̀run, níbi tí a kò bá sún un sí Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, àádọ́ta dé Pẹ́ńtíkọ́sì. Ó dà bí ẹni pé ìbànújẹ́ rọrùn fún ènìyàn láti pa mọ́ ju ayọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ ti sábà máa ń rọ̀ ní àkókò yìí, ilẹ̀ tí ọyẹ́ àti oòrùn ti mú gbẹ a máa hù, ojú àgbẹ̀ sì lè rí ohun tí etí ń gbọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

Èyí tí ó kù ni ìgbà tí kò lórúkọ ńlá, ọ̀sẹ̀ 33 tàbí 34 tí a pín sí méjì, díẹ̀ ṣáájú Lẹ́ńtì, èyí tí ó pọ̀ lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Aṣọ àlùfáà a di aláwọ̀ ewé. Ó lé ní ìdajì ọdún, kò sí ìlù, kò sí àpèjẹ. Ìgbà ríro oko ni. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó dàgbà, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ń wá sí ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ìyípadà tí Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ní ọdún 1969, lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì, mú kí oúnjẹ ìgbà yìí pọ̀ sí i: ọdún mẹ́ta ni a fi ń ka ìwé Ìhìnrere yípo, Mátíù ní ọdún kan, Máàkù ní èkejì, Lúùkù ní ẹ̀kẹta. Ọdún tí a bá lè fi mẹ́ta pín láìṣẹ́kù, bí 2025, ti Lúùkù ni. Ti Mátíù ni 2026. Nítorí náà, àyípo náà kò tilẹ̀ jẹ́ ojú kan náà. Ẹni tí ó gbọ́ Mátíù ní ọmọ ọdún 15 yóò tún gbọ́ ọ ní ọmọ ọdún 18, nígbà tí wàhálà rẹ̀ ti di òmíràn.

Ó yẹ kí a rántí pé ọdún yìí ti dé Èkó ṣáájú àlùfáà. Kí Fadá Borghero tó ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọdún 1863, kí Fadá Bouche sì tó wá máa gbé níbẹ̀ ní ọdún 1868, àwọn Àgùdà tí ó ti oko ẹrú Brazil padà wá ti ní aṣáájú kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Òun náà jẹ́ ẹrú tí ó di òmìnira, kì í ṣe àlùfáà. Òun ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn ọdún ni ti Kristi Ọba. Póòpù Pius Kọkànlá dá a sílẹ̀ ní ọdún 1925, ìparí oṣù Kẹwàá ni a sì ń ṣe é títí àtúnṣe ọdún 1969 fi gbé e dé ibi tí ó wà yìí. Aṣọ funfun a jáde. Ọjọ́ díẹ̀ ṣì kù tí a ó fi wọ aláwọ̀ ewé, títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni Ọjọ́ Ìsinmi Ìjọ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni a ó ká a, tí a ó sì tún mú elésè àlùkò jáde.